Ipò Ẹ, Gb, Ọ àti Ṣ Nínú Ètò Ábídí: Láti Ìwé Crowther Dé Orí Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, ohun tí ó kù ni kí orúkọ náà ní ipò láàárín orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé orúkọ kíláàsì, nínú ìwé àwọn olùdìbò, ní báńkì àti ní ilé-ìwòsàn, orúkọ kì í dá dúró. Ìlà ni ó máa ń tò sí. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ kò ju èyí lọ: bí orúkọ Yorùbá bá tò sí ìlà, ta ni ó yẹ kí ó ṣáájú, ta ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e, ta ni ó sì fi ìlànà náà lélẹ̀?

Àdúgbò kan ní Sùúrùlérè, ní ìlú Èkó, fi ìṣòro náà hàn kedere. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni orúkọ rẹ̀, orúkọ tí ó ń sọ fún ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá pé àwọn Ìjẹ̀ṣà ni ó tẹ ibẹ̀ dó. Ṣùgbọ́n lójú pátákó àti nínú ìwé, ènìyàn lè rí i gẹ́gẹ́ bí "Ijeshatedo", "Ijesha-Tedo", "Ijesatedo" tàbí "Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó". Ní etí, orúkọ kan ṣoṣo ni. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àyè tí yóò sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí lórí ìlà lè jìnnà sí ara wọn bí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ṣe jìnnà sí òpin rẹ̀. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibí yìí gùn ju ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà lọ.

Ètò ti wà kí lẹ́tà tó dé

Kí lẹ́tà Rómù tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ. Ipò àgbà ni wọ́n fi ń tò ó. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí ni ó kọ́kọ́ ń mú nínú ẹran. Ìyàwó tí ó kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé. Olóyè tí ipò rẹ̀ ga jù ni ó ń jókòó súnmọ́ ọba jù lọ. Àpẹẹrẹ tí ó jinlẹ̀ jù lọ wà nínú Ifá. Ojú Odù mẹ́rìndínlógún ní ètò tí babaláwo kò gbọdọ̀ dà rú: Èjì Ogbè ni ó ṣáájú, Ọ̀yẹ̀kú Méjì tẹ̀ lé e, Ìwòrì Méjì ni ìkẹta, Òdí Méjì ni ìkẹrin, títí ó fi dé Òfún Méjì. Láti inú àwọn mẹ́rìndínlógún yìí ni Odù 256 ti jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀. Ọmọ awo tí ń kọ́ Ifá kò lo ìwé, síbẹ̀ ó mọ ibi tí yóò ti wá ẹsẹ Ifá kọ̀ọ̀kan rí nínú orí ara rẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n bá tò dáadáa ni ó rọrùn láti wá.

Ètò ábídí yàtọ̀ sí èyí. Kò bèèrè ẹni tí ó jẹ́ àgbà, kò sì bèèrè ẹni tí ó lówó. Lẹ́tà tí orúkọ fi bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó ń wò. Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, Callimachus ṣe ìwé àkójọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé fún ilé-ìkàwé ńlá ìlú Alẹkisáńdíríà, ó sì lo ètò lẹ́tà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ kò tètè wọ àwọn ènìyàn lára. Ní ọdún 1286, nígbà tí Balbus ti ìlú Genoa parí ìwé atúmọ̀ èdè Látìnì tí ó pè ní Catholicon, ó ní láti ṣàlàyé fún àwọn olùkàwé bí wọn yóò ṣe máa fi lẹ́tà kìíní, ìkejì àti ìkẹta wá ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1604, tí í ṣe ọ̀rúndún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, Robert Cawdrey tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà gba olùkàwé rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ mọ álífábẹ́ẹ̀tì sórí, kí ó sì mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà, kí ó tó ṣí ìwé náà. Nítorí náà, ètò ábídí kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ènìyàn. Àdéhùn ni láàárín àwọn tí ń lo èdè kan, èdè kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń ṣe àdéhùn tirẹ̀.

Crowther àti àwọn lẹ́tà tuntun

Àdéhùn ti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní òkèèrè. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú sí, ni àwọn ará Yúróòpù ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀ lọ́pọ̀. Hannah Kilham tẹ ọ̀rọ̀ láti inú èdè púpọ̀ ní Áfíríkà jáde ní ọdún 1828, Yorùbá sì wà nínú wọn. John Raban ti ìjọ CMS náà tẹ àwọn ìwé kéékèèké jáde lórí èdè náà láàárín 1830 sí 1832. Àmọ́ ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà lélẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822. Ní ọdún 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1852 ni èyí tí ó kún ju ti àkọ́kọ́ lọ tún jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣáájú láti ọwọ́ Vidal, Bíṣọ́ọ̀bù Sàró.

Ìṣòro tí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dojú kọ ni pé lẹ́tà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò kò tó fún ìró Yorùbá. Owó yàtọ̀ sí ọwọ́; ètè yàtọ̀ sí ẹ̀tẹ̀; sá yàtọ̀ sí ṣá; gé yàtọ̀ sí gbé. Bí wọ́n bá kọ méjèèjì bákan náà, ẹni tí ó ní òun ń wá owó lè jẹ́ ẹni tí ń wá ọwọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Fún e, o àti s, wọ́n fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà. Fún ìró gb, wọ́n so lẹ́tà méjì pọ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Richard Lepsius, tí ó tẹ ìlànà àkọsílẹ̀ fún gbogbo èdè jáde ní ọdún 1855, fi ọwọ́ sí irú àmì abẹ́ lẹ́tà bẹ́ẹ̀, CMS sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1858, Bowen, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tirẹ̀ jáde ní Washington. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Bí òǹkọ̀wé ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà ìkọ̀wé ń pọ̀ sí i, èyí ni ó sì mú kí CMS pe ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ní ọdún 1875. Ìlànà tí wọ́n fẹnu kò sí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé tẹ̀ lé fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwé CMS tẹ atúmọ̀ èdè Yorùbá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jáde ní Èkó ní ọdún 1913, ọ̀rọ̀ kò jẹ́ ti bí wọn yóò ṣe kọ ẹ mọ́. Ó ti di ti ibi tí wọn yóò fi ẹ sí. Ẹni tí ó bá ń ṣe atúmọ̀ èdè kò lè sá fún ìbéèrè yìí. Ṣé lẹ́tà tuntun ni ẹ, tàbí e tí ó wọ bàtà? Bí ó bá jẹ́ e tí ó wọ bàtà, ètè àti ẹ̀tẹ̀ yóò wà lójú ewé kan náà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà tuntun, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E yóò parí ná, kí ti Ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ èdè ti dáhùn: ìró ọ̀tọ̀ ni, ó sì ń yí ìtumọ̀ padà, nítorí náà lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni. Ìdáhùn yìí náà ni àwọn ọmọdé ń kà sórí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: A, B, D, E, Ẹ, F, G, Gb, H, I, J, K, L, M, N, O, Ọ, P, R, S, Ṣ, T, U, W, Y. Lẹ́tà 25 ni, fáwẹ́lì 7 àti kọ́ńsónáǹtì 18. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì 5 ni kò sí níbẹ̀, C, Q, V, X àti Z; lẹ́tà 4 ni Yorùbá fi kún un.

Àtúnṣe àkọtọ́ àti ipò ọ̀rọ̀

Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn lórí àkọtọ́ Yorùbá àti àtúnṣe tí ó yẹ kí ó dé bá a. Ní ọdún 1966, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1974 ni ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà fi àṣẹ sí àkọtọ́ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń lò títí di òní.

Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ máa ń kọ́ àtúnṣe yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ sípẹ́lì nìkan. Ṣùgbọ́n gbogbo àtúnṣe sípẹ́lì ni ó ń ṣí ọ̀rọ̀ nípò padà. "Aiye" di ayé, ó kúrò láàárín àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ai, ó bọ́ sí ìparí A. "Ọkọnrin" di ọkùnrin, ó fi àdúgbò ọkọ sílẹ̀. "Shagamu" di Ṣágámù: nínú ètò Gẹ̀ẹ́sì, Shagamu ń ṣáájú Surulere, nítorí pé h ṣáájú u, nínú ètò Yorùbá, Sùúrùlérè ni ó ń ṣáájú Ṣágámù, nítorí pé gbogbo ìdílé S gbọ́dọ̀ kọjá kí ìdílé Ṣ tó wọlé. Ẹni tí ó bá fi sípẹ́lì àtijọ́ wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé tuntun lè wá a títí kí ó má rí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀.

Àwọn Yorùbá tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tún ní àdéhùn tiwọn. Láti ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè náà ti ní álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè ilẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀, ɛ ni wọ́n ń kọ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ, kp sì dípò p. Èdè kan náà, ìró kan náà, ṣùgbọ́n bí ará Kétu bá to ìwé orúkọ tirẹ̀, tí ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó sì to tirẹ̀, ìlà méjèèjì kò ní bára mu. Orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró p ní Èkó yóò wà lẹ́yìn Ọ. Ní Kétu, lẹ́yìn K ni yóò wà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ títò

Títí di àkókò yìí, ènìyàn ni ó ń to ìwé. Akọ̀wé tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Ọláwálé kì í ṣe ẹgbẹ́ Olú, yálà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ lè tẹ àmì abẹ́ lẹ́tà tàbí pẹ́ńsù ni ó fi sàmì sí i lẹ́yìn tí ó tẹ̀ ẹ́ tán. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá. Kò tilẹ̀ mọ lẹ́tà rárá. Nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀.

Ní ọdún 1963, wọ́n tẹ ìlànà kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní ASCII, tí ó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àyè 128 péré ni ó wà nínú rẹ̀. A ńlá ń jẹ́ 65, Z ńlá ń jẹ́ 90. A kékeré ń jẹ́ 97, z kékeré sì ń jẹ́ 122. Fún ẹni tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ó tó. Kò sí àyè fún ẹ, kò sí fún ọ, kò sí fún ṣ, kò sì sí fún àmì ohùn lórí fáwẹ́lì kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà ní láti bọ́ aṣọ lára èdè náà, tàbí kí ó lo fọ́ǹtì àdáni tí lẹ́tà rẹ̀ máa ń di jágbajàgba bí fáìlì náà bá dé orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1991 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìlànà Unicode jáde, èrò wọn sì ni láti fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Láìpẹ́, àwọn lẹ́tà Yorùbá rí ibi jókòó: Ṣ gba 7778, ṣ gba 7779, Ẹ gba 7864, ẹ gba 7865, Ọ gba 7884, ọ gba 7885. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, ìjókòó kan náà sì ni òun àti Yorùbá jọ ń lò. Èyí jẹ́ ìdáǹdè, ṣùgbọ́n ìdáǹdè náà mú ìṣòro tuntun dání. Nọ́ńbà wọ̀nyí ga fíofío ju ti Y lọ, nítorí pé Y ńlá kò ju 89 lọ.

Bí olùkọ ètò bá wá ní kí kọ̀ǹpútà to orúkọ, ọ̀nà tí ó kéré jù lọ ni kí ó fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà. Èyí gan-an ni JavaScript, èdè ìkọ ètò tí ilé-iṣẹ́ Netscape gbé jáde ní ọdún 1995 fún ojú ewé ayélujára, máa ń ṣe bí wọ́n bá kọ sort sí i láìfi ìlànà mìíràn kún un. Bí ètò ábídí Yorùbá ṣe rí nínú orúkọ méjìlá láti ìpínlẹ̀ Èkó nìyí: Agége, Èbúté-Mẹ́ta, Ẹ̀pẹ́, Gbàgádà, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Ìkẹjà, Múṣin, Ojúẹlẹ́gbà, Ọ̀ṣòdì, Sùúrùlérè, Ṣómólú, Yábàá. Ohun tí sort yóò dá padà, bí wọ́n bá lo àwọn lẹ́tà tí a ti so àmì mọ́ láti ilé wọn, ni: Agége, Gbàgádà, Múṣin, Ojúẹlẹ́gbà, Sùúrùlérè, Yábàá, Èbúté-Mẹ́ta, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Ìkẹjà, Ṣómólú, Ẹ̀pẹ́, Ọ̀ṣòdì.

Kí olùkàwé wò ó dáadáa. Ìlú mẹ́fà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu ni ó kọ́kọ́ wọlé. Àwọn mẹ́fà tí ó kù, tí orí wọn ru àmì ohùn tàbí tí ẹsẹ̀ wọn wọ àmì, ni wọ́n ní kí wọ́n dúró lẹ́yìn Yábàá bí àlejò tí kò ní ìwé ìpè. Láàárín wọn pàápàá, Ṣ ṣáájú Ẹ, Ẹ sì ṣáájú Ọ, èyí tí kò sí nínú ábídí ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá fi a kékeré kọ "agége", òun náà yóò lọ bá wọn lẹ́yìn Yábàá, nítorí pé 97 ju 89 lọ. Kọ̀ǹpútà kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni ó ṣe. Wọn kò sọ fún un pé Yorùbá ni.

Ìpele mẹ́ta àti ọ̀rọ̀ gb

Àwọn tí ń mójú tó Unicode mọ̀ pé nọ́ńbà kò tó. Wọ́n ṣe ìlànà mìíràn tí ó ń wo orúkọ ní ìpele ìpele. Ní ìpele kìíní, ara lẹ́tà nìkan ni yóò wò, kò ní ka àmì ohùn sí. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá dọ́gba níbẹ̀, yóò lọ sí ìpele kejì, yóò wo àmì. Bí wọ́n bá tún dọ́gba, yóò wo lẹ́tà ńlá àti kékeré ní ìpele kẹta. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n ti wá ń kọ òfin fún èdè kọ̀ọ̀kan sínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní CLDR. Òfin ti Yorùbá kúrú: ẹ tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ọ̀tọ̀, gb tẹ̀ lé g, ọ tẹ̀ lé o, ṣ tẹ̀ lé s. Ohun tí àwọn ọmọdé ń kọ lórin ní kíláàsì ni wọ́n kọ fún ẹ̀rọ.

Gb ni ó gba àròjinlẹ̀ jù, nítorí pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ka àmì méjì bí ẹyọ kan. Nínú ètò Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo yóò wà láàárín gàrí àti gèlè. Nínú ètò Yorùbá, gàrí, gèlè, gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti gùdùgúdù yóò kọjá tán kí gbogbo tó dé. Oríire ni pé Yorùbá kò ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Níbikíbi tí g àti b bá ti tẹ̀ léra nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹyọ ìró kan ni, ẹ̀rọ kò sì lè ṣì í mú. Àwọn Sípéènì náà ka ch àti ll sí lẹ́tà ọ̀tọ̀ nínú atúmọ̀ èdè wọn títí di ọdún 1994, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ èdè wọn pàdé, tí wọ́n sì dìbò pé kí wọ́n máa tò wọ́n sábẹ́ c àti l. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀: kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó pinnu fún wọn. Àwọn onímọ̀ èdè ni ó jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò. Bí àwọn Yorùbá yóò bá fi gb sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yẹ kí ó jẹ́ pé àwọn ni ó pinnu bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé olùkọ ètò kan gbàgbé láti kọ ọ́ sínú ètò.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni ó wà ní ìpele kejì. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti lò ni ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀, nítorí náà ohùn ni yóò là wọ́n. Ìlànà Unicode máa ń fi èyí tí kò ní àmì ṣáájú, ohùn òkè tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe tò sókè yìí gan-an ni yóò ṣe tò wọ́n. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní dò, re, mí lè bi í pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sí àárín, kí ó tó dé òkè. Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Ìlànà gbogbo ayé ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé níbẹ̀. Èyí jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ Yorùbá ṣì lè ṣe.

Ìṣòro kan tún wà tí ó fara pamọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà tẹ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà: kí ó tẹ ẹ kí ó sì gbé àmì ohùn lé e; kí ó tẹ é kí ó sì fi àmì sí abẹ́ rẹ̀; tàbí kí ó tẹ e lásán, kí ó wá fi àmì méjèèjì kún un níkọ̀ọ̀kan. Lójú, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Nínú ikùn ẹ̀rọ, mẹ́ta ni wọ́n. Unicode ní ọ̀nà láti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, bí olùkọ ètò bá rántí láti lò ó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn kan kì í fi àmì róbótó sí abẹ́ lẹ́tà. Ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń fà síbẹ̀, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ti ṣe. Lójú Unicode, àmì róbótó àti ìlà kékeré kì í ṣe ohun kan náà, kò sì sí òfin tí ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá wá orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan kò ní rí i bí wọ́n bá fi èkejì kọ ọ́.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwọn Yorùbá

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀nà àbáyọ rọrùn: kí wọ́n yọ gbogbo àmì kúrò, kí wọ́n kọ Yorùbá bí Gẹ̀ẹ́sì, ìlà yóò sì tò. Òótọ́ ni pé yóò tò. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ti yan ọ̀nà yìí, ọ̀pọ̀ òbí náà sì ti gbà á, débi pé àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò rí orúkọ ara wọn pẹ̀lú àmì rí, àfi nígbà tí olùkọ́ Yorùbá bá kọ ọ́ sójú pátákó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tò dáadáa lójú Gẹ̀ẹ́sì ti pàdánù owó àti ọwọ́, ètè àti ẹ̀tẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti ran ènìyàn lọ́wọ́ ti wá di ẹni tí ń pàṣẹ bí ènìyàn yóò ṣe kọ orúkọ baba rẹ̀. Ẹni tí ó gé ẹsẹ̀ kí bàtà lè wọ̀ ọ́ kò tíì rí bàtà rà.

Iṣẹ́ àwọn kan ti fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Túndé Adégbọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Alt-i, ní Ìbàdàn, ti ṣiṣẹ́ lórí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé àti ìmọ̀ ẹ̀rọ fún èdè Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún dá iṣẹ́ atúmọ̀ orúkọ Yorùbá, YorubaName, sílẹ̀ ní ọdún 2015, níbi tí orúkọ ti ń jáde pẹ̀lú àmì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2012 sì ni ìlànà kan ti wà fún JavaScript tí ó jẹ́ kí olùkọ ètò sọ èdè tí òun fẹ́ fi to orúkọ. Bí ó bá kọ Intl.Collator('yo'), tí òfin Yorùbá sì wà nínú ẹ̀rọ tí ó ń lò, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó yóò padà sí àyè rẹ̀ láàárín Gbàgádà àti Ìkẹjà, Ọ̀ṣòdì yóò tẹ̀ lé Ojúẹlẹ́gbà, Yábàá yóò sì kẹ́yìn bí ó ti yẹ. Lẹ́tà méjì péré, y àti o, ni ìyàtọ̀ láàárín ètò tí ó mọ Yorùbá àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ olùkọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán ni ó ń kọ́ àkọtọ́ Yorùbá ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé. Bí olùkọ́ bá ní kí kíláàsì fi ètò ábídí Yorùbá to orúkọ gbogbo wọn, kí Gbénga mọ̀ pé ẹ̀yìn gbogbo G ni òun wà, kí Ṣadé mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹgbẹ́ Sùnmọ́nù, kí Ẹniọlá mọ̀ pé ìdílé Ẹ ní ilé tirẹ̀, àwọn ọmọ yẹn ni yóò kọ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀la. Ẹni tí kò mọ ìlànà èdè rẹ̀ kò lè kọ́ ẹ̀rọ ní i.

Àwọn tí ó fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò fi ṣe ọ̀ṣọ́. Wọ́n rí i pé ìró náà wà, wọ́n sì fún un ní ilé. Ipò nínú ètò ábídí ni àmì ìdánimọ̀ pé lẹ́tà jẹ́ ọmọ bíbí inú èdè, kì í ṣe àlejò. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí ìjánu bá já, ẹṣin kò ní mọ ọ̀nà ilé.